Ẹsẹ Bíbélì Kì í Ṣe Gbèsè Òṣómàáló

Ẹ bi ọmọ ọdún méje ní Ìbòkun pé ta ni Ajíbógun. Yóò sọ fún yín pé ojú Odùduwà fọ́, pé wọ́n ní omi òkun ni oògùn rẹ̀, pé àwọn ẹ̀gbọ́n kò lọ, àbúrò ló gbé agbè kọ́ èjìká, tó rìn títí dé etí òkun, tó sì pẹ́ débi pé ilé ti gbà pé ó ti kú kó tó darí dé. Láti inú omi òkun tó bù yẹn ni orúkọ Obòkun ti jáde, èyí tí Ọwá Iléṣà ń jẹ́, tí ìjọba ìbílẹ̀ wa náà sì ń jẹ́. Kò sí ẹni tó fi ẹgba kọ́ ọmọ náà ní ìtàn yìí, kò sì sí ẹni tó ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ó rí i ni. Ó rí agbè, ó rí arúgbó tó ń fọwọ́ wá ògiri, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá nìkan wà lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá fún un ní èédú pé kó yà á sára ògiri, yóò yà á.

Ọmọ kan náà ni a ó mú jáde síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ lẹ́yìn, ojú lókè àjà. Àkọ́sórí dà? Yóò sáré kà á bí ẹni tí ajá ń lé, yóò fi orí àti ẹsẹ dé e ládé, ìjọ yóò pàtẹ́wọ́. Ẹ bi í lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ti lọ.

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, àti nínú ìjọ ńlá àti nínú ìjọ kékeré, pé ẹsẹ tó bá ti wà lẹ́nu ọmọ ti wọ ọkàn rẹ̀. Pé ọmọ tó bá mọ ẹsẹ púpọ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Pé kí ọmọ máa ya ohun tó ń kà, eré ni, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Èmi náà gba èrò yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì ní ó ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ lára.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, a mọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa gbé aṣọ lọ sí ìgbèríko, wọ́n tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó làwọn máa ló títí owó àwọn yóò fi pé. Bí a ṣe ń gba àkọ́sórí lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. A lóṣòó tì í, ó san án, a fàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, a kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ta ló ń sanwó tán tó tún ń rántí owó náà? Ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ òṣómàáló tí a kì í sábà sọ. Kó tó lóṣòó rárá, ó ti kọ́kọ́ gbé aṣọ fún ẹni tí kò sanwó. Ó ti jókòó nílé ẹni náà, ó ti mọ ọ̀nà oko rẹ̀, ó mọ ìyàwó, ó mọ ọmọ, ó ti wojú rẹ̀ dáadáa kó tó ní, "Ẹ máa mú un lọ." Ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn. Mímọ ènìyàn ló ń bí i. Ìdajì tó korò nínú òwò àwọn bàbá wa ni a gbé wọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, a fi ìdajì tó dùn sílẹ̀ sójú ọ̀nà.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi gan-an ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ yòókù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n fún mi ní abọ́ oníke aláwọ̀ ewé kan níwájú ìjọ, torí pé mo ka ogójì ẹsẹ láìṣì. Abọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Gàrí ni wọ́n fi ń wọ̀n. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn, àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Lóru, mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní wọn, màá máa ka ogójì ẹsẹ yẹn lé wọn lórí, láti orí ìkínní dé ìkẹyìn. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, màá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí mo gbà pé bí ọ̀rọ̀ kan bá yẹ̀, kò ní jẹ́. Bàbá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ohun tí mo sọ nínú ara mi ni pé ó ní láti jẹ́ pé mo ṣì í níbì kan.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀kọ́ wa sọ ọmọ ọdún mẹ́tàlá dà. Ọfọ̀ ni mò ń pè. Wọ́n rò pé wọ́n ń kọ́ mi ní ìgbàgbọ́, ọfọ̀ ni wọ́n kọ́ mi. Ọfọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí agbára rẹ̀ wà nínú bí a ṣe pè é. Ìlérí ni ọ̀rọ̀ tí agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìlérí láìfi ẹni tó ṣe ìlérí hàn án, ọjọ́ tí nǹkan bá le, ọfọ̀ ni ọmọ náà yóò fi ṣe, bí kò bá sì jẹ́, yóò bínú sí Ọlọ́run tàbí kó bínú sí ahọ́n ara rẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni mo fi bínú sí ahọ́n mi.

Àwòrán yíyà kò ti inú ọgbọ́n mi wá. Òjò ló mú un wá, ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Páànù ṣọ́ọ̀ṣì ń pariwo débi pé ẹnikẹ́ni kò lè gbọ́ àkọ́sórí ẹnì kejì. Mo fa páálí bísíkíìtì kan ya, mo pín in fún wọn pẹ̀lú bírò àti èédú, mo ní kí wọ́n ya Sáàmù 23. Kò sí èyí tí kò lè kà á lójú oorun nínú wọn. Mo ń retí àgùntàn, koríko àti odò. Nínú ọmọ mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ya màlúù.

Darandaran ni wọ́n yà, akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pá gbọọrọ lọ́wọ́, màlúù mẹ́ta mẹ́rin níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àgùntàn Ìbòkun kò ní olùṣọ́. Wọ́n ń dá jẹ èèpo iṣu kiri, wọ́n ń dùbúlẹ̀ sójú títì, wọ́n ń dá wálé lálẹ́. Ẹni kan ṣoṣo tí àwọn ọmọ wa rí tó ń da ẹran ni ẹni tó ń da màlúù gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá, ọ̀rọ̀ ìjà oko àti màlúù ni wọ́n sì ń gbọ́ lẹ́nu àwa òbí nípa rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ya ara tirẹ̀ sí igun páálí, kín-ńkín bí èèrà, ó sá sẹ́yìn igi kòkó. Mo ní kí ló ń sá fún.

"Ọ̀pá ọwọ́ wọn yẹn ni, sà. Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n máa fi nà mí?"

Ọdún mẹ́ta ni ọmọ yìí ti ń ka Sáàmù yẹn fún wa, tí a ń pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta náà ló ti ń bẹ̀rù ọ̀pá tí Dáfídì kà mọ́ ohun ìtùnú. Kò sí ẹni tó mọ̀, torí ahọ́n rẹ̀ kò ṣì. Ọwọ́ rẹ̀ ló tú àṣírí. Mo ṣàlàyé fún un pé nílẹ̀ Dáfídì, ẹranko búburú ni ọ̀pá olùṣọ́ àgùntàn wà fún, àti láti fi fa ọmọ àgùntàn tó bá yọ̀ sí kòtò jáde. Ó gba páálí rẹ̀ padà, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló ya ejò kan sí ìdí igi kòkó, ó fa ọ̀pá náà gùn, gùn, títí tó fi kan orí ejò. Kò pa ara rẹ̀ rẹ́ kúrò lẹ́yìn igi. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ya ojú méjì fún un, ojú náà sì ń wo ẹni tó di ọ̀pá mú.

Alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an rí àwọn páálí yẹn, ó pè mí sẹ́yìn. "Ṣé ère lo wá ń kọ́ àwọn ọmọ yìí? Ṣé o kò ka òfin kejì ni?" Mo ní mo kà á, sà. N kò lè bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ dáhùn báyìí, torí wọn kì í ṣe ẹni tó dá nìkan ronú bẹ́ẹ̀.

Òfin tó wà nínú Ẹ́kísódù orí 20 ń sọ nípa ère tí a gbẹ́ láti máa forí balẹ̀ fún. Nínú ìwé kan náà, ní orí 31, Ọlọ́run pe Bẹsalẹ́lì ní orúkọ, ó fi Ẹ̀mí kún un kó lè ṣe iṣẹ́ ọnà àgọ́. Ní Ìsíkíẹ́lì orí 4, wòlíì kan gba àṣẹ pé kó mú bíríkì kan, kó ya ìlú Jerúsálẹ́mù sórí rẹ̀, kí ilé Ísírẹ́lì lè rí i. Bí àwòrán bá jẹ́ ère ní gbogbo ìgbà, ta ló wá rán wòlíì ní irú iṣẹ́ yẹn? Mo gbà pé ewu wà. Ejò idẹ tí Mósè ṣe nínú aginjù di ohun tí wọ́n ń sun tùràrí sí, Hesekáyà ọba sì fọ́ ọ túútúú, ó sì tọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í jẹ́ kí wọ́n ya Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tí a sì ń pa èyí tí a bá fi ṣọ́ọ̀kì yà rẹ́ kí a tó lọlé. Kò sẹ́ni tó ń forí balẹ̀ fún páálí bísíkíìtì.

Ẹ wo ògiri pálọ̀ wa ná. Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, òyìnbó onírun gígùn, olójú búlúù, wà lórí rẹ̀, a ní Jésù ni. Ó ti wà níbẹ̀ látọdún dé ọdún, a kò pe ìyẹn ní ère. Ìgbà tí ọmọ tiwa fi èédú ya ohun tó yé e ni a rántí òfin kejì. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí a kọ ohun tiwa báyìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní Òṣogbo, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, ìlù náà di ẹjọ́, ó sì gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì láti 1947, nígbà tí Fadá Kevin Carroll gba àwọn agbẹ́gilére Yorùbá síṣẹ́, tí àwọn amòye tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ fi wá di ọba Yorùbá nínú igi. Lamidi Fakeye, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dọ̀ George Bandele. Ohun tí wọ́n gbẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé àwọn bàbá ìgbàgbọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ya àwòrán kankan, síbẹ̀ wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n sábà ń dárúkọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù October 1928, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni Babalọlá ń wà ní Ìkejì-Arákejì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, tí ẹ̀rọ dákẹ́, tó gbọ́ ohùn tó pè é, tó sì fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀. Ṣé ọ̀pọ̀ ẹsẹ tó wà lórí rẹ̀ ló mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀? Rárá o, ó mọ ẹni tó pè é ni. Ní July 1930, ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbé omi wá nínú ìkòkò, nínú agbè, nínú ìgò, kí ó gbàdúrà sí i. Àwọn tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìgbàgbọ́ wọn ní ohun tí ojú rí, ó ní ohun tí ọwọ́ gbé. Àwa ọmọ wọn la wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan, tí a sì ń fi wọ́n jẹ́rìí.

Àwọn mìíràn a tọ́ka sí babaláwo, pé àkọ́sórí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tiwọn, pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe ń kọ́ nǹkan. N kò pe ẹnikẹ́ni sínú Ifá, ọ̀nà ìrántí ni mò ń wò. Odù 256 ni wọ́n ń kọ́, ìka sì ni wọ́n fi ń tẹ odù kọ̀ọ̀kan sórí ìyẹ̀ròsùn. Àmì wà lójú ọpọ́n, ìtàn wà lẹ́yìn àmì, ẹsẹ wá tẹ̀ lé ìtàn. Ọwọ́, ojú àti ẹnu ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹnu nìkan la ń lò nínú ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ti pé eré ni: ní 2016, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Yunifásítì Waterloo ní Kánádà, Wammes, Meade àti Fernandes, fún àwọn ènìyàn ní ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n ya àwọn kan, kí wọ́n sì kọ àwọn yòókù sílẹ̀ léraléra. Nígbà tó di ìrántí, èyí tí wọ́n yà máa ń ju ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n kọ lọ. Wọ́n dín àkókò kù sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ kan, yíyà ṣì borí. Bí àwòrán náà dára, bí kò dára, kò yí i padà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àkókò kò sí, tàbí pé àwọn ọmọ òun kò mọ àwòrán yà.

Ṣùgbọ́n kí la tilẹ̀ ń wá lọ sí Kánádà? Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìbòkun. Níbẹ̀, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nígbà náà, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ya ilà sórí páálí kan, ìyá ọmọ ń mú un lọlé nínú ọ̀rá. Oṣù dé oṣù, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á fi àmì sí i. Bí ilà ọmọ bá ń gòkè, ara ń le. Bó bá dúró sójú kan tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ìyá tètè gbé e wá. Ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b lè kà á. Káàdì yẹn ti Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sí gbogbo ayé. Àwọn ìyá ilẹ̀ Obòkun gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán kan nígbà tí ẹ̀mí ọmọ wọn wà nínú ewu, wọn kò pè é ní eré.

Ohun kan wà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń takò mí, mo sì gbà á tọkàntọkàn: ọ̀rọ̀ gan-an ṣe pàtàkì. Ọmọ tó ya àwòrán tí kò sì mọ ẹsẹ kò tíì ní nǹkan tó lè mú dání. N kò ní kí a pa àkọ́sórí tì. Kí a yà á ná, kí a wá kọ́ ọ. Nígbà tí a kọ́ Òwe 3:5, tó ní kí ènìyàn má ṣe fi òye ara rẹ̀ ṣe afẹ̀yìntì, ọmọkùnrin kan ya ògiri alámọ̀ ilé bàbá rẹ̀ àgbà, èyí tó ti dà gẹ̀ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi igi tì, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé "ọgbọ́n mi". N kò tún nílò láti lóṣòó ti ọmọ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti rí ibi jókòó sí.

Ọmọbìnrin ẹ̀yìn igi kòkó ti wọ girama báyìí. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gbé ìyá rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo bá a níta lórí bẹ́ǹṣì. Mo ti múra láti bá a ka ẹsẹ Bíbélì, mo sì rí i pé ìka rẹ̀ ń fa nǹkan sórí ìtan rẹ̀, lókè lódò, lókè lódò. Mo ní kí ni. "Igi kòkó ni, sà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n ṣì dúró síbẹ̀." Mo jókòó tì í. Mo rántí ẹní bàbá mi àti ogójì ẹsẹ. Ọmọ yìí kò ka ọ̀rọ̀ kankan tó lè ṣì. Ìyá rẹ̀ yè. N kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí, torí bàbá tèmi kò yè, Ọlọ́run kan náà ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ náà mọ ẹni tó ń wò, kí ó tó mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ yóò jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gba àkọ́sórí lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ẹgba lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín. Èédú wà ní ìdí ààrò, páálí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tó ní kí ọmọ kà á, ẹ ní kó yà á. Bó bá yà á tán, ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í pé níbo ni òun wà nínú rẹ̀.